Òpópónà Orí Òpó: Ìtàn Ìgbé Ayé Ọlọ́rọ̀ ní Ayétòrò, Etí Òkun Ìlàjẹ

Ìfáárà

Bí a bá dárúkọ àdúgbò olówó lónìí, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni títì ọlọ́dà, ilé alájà tí ó ní ọgbà òdòdó níwájú, ògiri gíga, àti géètì tí ọlọ́dẹ ń ṣọ́. Kò sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ ronú kan ẹrẹ̀ etí òkun. Síbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn òpópónà tí òkìkí ọrọ̀ rẹ̀ kàn jù ní ilẹ̀ Yorùbá láàrin ọdún 1950 sí 1970 kò sí lórí ilẹ̀ líle rárá. Orí òpó ni ó wà, pákó sì ni a fi tẹ́ ẹ. Òpópónà ìlú Ayétòrò ni à ń wí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Èróńgbà iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé bí òpópónà náà ṣe wáyé, irú ọrọ̀ tí ó wà níbẹ̀, ohun tí ó da ọrọ̀ náà rú, àti ìdí tí ó fi yẹ kí ìtàn rẹ̀ wọ inú iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá. Èrò wa ni pé òpópónà Ayétòrò yàtọ̀ sí ti àwọn àdúgbò olówó mìíràn nítorí pé ọrọ̀ ibẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́. Àjùmọ̀ní ni; ọwọ́ gbogbo ará ìlú ni ó kọ́ ọ, ọwọ́ gbogbo wọn ni ó sì ń tún un ṣe. Nígbà tí àjùmọ̀ṣe dẹ̀, tí òkun sì dìde, kò sí ilẹ̀ tí yóò gba ìtàn rẹ̀ dúró. Inú ọkàn àti ẹnu ènìyàn nìkan ni ó kù sí.

Òpópónà, ìta àti ojúde nínú ìlú Yorùbá

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ wò. Yorùbá ti ní ọ̀nà, òpópó àti òpópónà kí ọ̀rọ̀ àyálò náà, títì, tó ti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì wọlé. Ọ̀nà ni gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà. Òpópónà ni ọ̀nà gbòòrò tí ilé tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìta ni òde gbalasa tí ó wà lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà ilé, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ inú orúkọ àdúgbò bíi Ìta Fàájì ní Èkó. Ojúde ni iwájú ilé tàbí ààfin. Gbàgede ni ibi tí a ṣí sílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè pé jọ sí.

Ní ìlú òkè, ààfin ni ó sábà máa ń wà láàrin ìlú. Ojúde ọba wà níwájú rẹ̀, ọjà ọba kì í sì í jìnnà síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i ní Àkúrẹ́ níbi tí Ọjà Ọba ti wà nítòsí ààfin Déjì. Igi odán tí a gbìn sí ojúde ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ọgbà òdòdó ń ṣe nílùú òyìnbó. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń gba atẹ́gùn, tí wọ́n ti ń ta ayò, tí wọ́n sì ti ń parí ìjà kéékèèké. Ẹnikẹ́ni kì í ti abẹ́ igi odán pa.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí ní gbogbo ayé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni àwọn ìjòyè onílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé yí gbàgede onígun mẹ́rin ká. Nígbà tí wọ́n kọ́ Bedford Square láàrin ọdún 1775 sí 1783, wọ́n fi ọgbà sí àárín rẹ̀, wọ́n fi irin yí ọgbà náà ká, àwọn tí ń gbé yí i ká nìkan ni ó sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ní ilé níbẹ̀ lè fi ojú wo òdòdó, ṣùgbọ́n kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ koríko.

Àwọn òyìnbó amúnisìn gbé irú èrò yìí wá sí Èkó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n gbẹ́ odò kan tí a fi orúkọ Gómìnà William MacGregor pè, láàrin Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí. Lóòótọ́, wọ́n gbẹ́ ẹ láti fa omi àbàtà kúrò, ṣùgbọ́n nígbà tí Ìkòyí di ibùgbé àwọn òyìnbó, odò náà di ààlà láàrin wọn àti àwọn aláwọ̀ dúdú. A ti dí odò náà láti ìgbà pípẹ́ nígbà tí a ń la títì ńlá ní Èkó, ṣùgbọ́n orúkọ Ìkòyí kò tíì kúrò nínú ohun tí a fi ń júwe ọlá. Kí òǹkàwé fi odò yìí sọ́kàn, nítorí pé a ó bá odò mìíràn tí a fọwọ́ gbẹ́ pàdé níwájú, tí iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti èyí pátápátá.

Ìlàjẹ àti ìgbé ayé orí omi

Ìjọba mẹ́rin ni ó wà ní Ìlàjẹ: Ugbò, Máhìn, Ẹ̀tíkàn àti Ahérì. Igbókọ̀dá ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1996 nígbà tí a pín ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò sí méjì. Ẹja pípa, ọkọ̀ ojú omi kíkàn, àwọ̀n híhun àti òwò ni iṣẹ́ wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ní apá etí òkun, omi ni ọ̀nà, ọkọ̀ sì ni ẹsẹ̀. Ẹrẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò lè gba ìpìlẹ̀ ilé amọ̀. Nítorí náà, òpó ni a máa ń rì mọ́lẹ̀, a ó fi ìtì igi dábùú òpó, a ó tẹ́ pákó lé e, kí á tó gbé ògiri àti òrùlé sí i. Afárá pákó ni a fi ń ti ilé kan dé ìkejì. Bí ẹnì kan bá jẹ́ kí pákó iwájú ilé tirẹ̀ jẹrà, kì í ṣe òun nìkan ni yóò jìyà rẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ kò ní lè kọjá. Láti ìpìlẹ̀ ni ìkọ́lé etí omi ti jẹ́ iṣẹ́ àjọṣe.

Àṣìṣe ni kí á máa ka ilé orí òpó sí àmì ìṣẹ́. Ní Èkó, ojú tí ọ̀pọ̀ fi ń wo Mákòkó nìyẹn, níbi tí àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ẹ̀gùn ń gbé lórí ọ̀sà. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó wó Màrókò, tí ọ̀pọ̀ Ìlàjẹ ń gbé pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà mìíràn. Àdúgbò olówó ni ó wà ní agbègbè ilẹ̀ náà lónìí. Ní oṣù keje ọdún 2012, a tún wó lára ilé orí omi ní Mákòkó. Lójú ẹni tí ń wó ilé, òpó àti pákó kò jọ ìlú. Ìtàn Ayétòrò ni ìdáhùn tí ó dára jù sí irú èrò bẹ́ẹ̀.

Ìdásílẹ̀ Ayétòrò àti ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀

Ní ọdún 1925 ni Mósè Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́, àti Christianah Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n dá ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí ó di Kérúbù àti Séráfù. Kò pẹ́ tí ẹ̀sìn aládùúrà yìí fi dé etí òkun Ìlàjẹ. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ ìjọ náà kọ̀ láti bá ará ilé wọn bọ òrìṣà mọ́, wọ́n sì tako àwọn àṣà kan, pàápàá pípa ìbejì. Inúnibíni bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1947, wọ́n kó kúrò láàrin àwọn ènìyàn wọn, wọ́n sì tẹ ìlú tiwọn dó sí etí òkun. Zaccheus Okenla jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣáájú wọn. Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ ni wọ́n ń pe ara wọn, Ogeloyinbo sì ni oyè ọba wọn.

Ayétòrò ni wọ́n pe ìlú náà. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè dúró díẹ̀ lórí orúkọ yìí. Gbólóhùn odindi ni: ayé ni olùwà, tòrò ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Omi gan-an ni a máa ń lo tòrò fún. Omi tí a rú, tí ẹrẹ̀ rẹ̀ gbòde, tí a wá fi sílẹ̀ títí ẹrẹ̀ fi sọ̀ sí ìsàlẹ̀ tí ojú rẹ̀ sì mọ́, omi náà ti tòrò. Òdì kejì rẹ̀ ni rú. Àwọn tí ayé rú mọ́ lójú nínú inúnibíni ni ó sọ ìlú wọn ní Ayétòrò. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Happy City ni a ń pè é, orúkọ náà sì wà lára ilé ẹ̀kọ́ girama wọn, Happy City College. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ náà kò kún tó. Ayọ̀ lè dé ní ọ̀sán kan. Títòrò gba sùúrù, ó sì gba kí ẹnikẹ́ni má ṣe da omi rú. Ní ibi tí omi wà lábẹ́ ilé gbogbo, ẹni tí ó sọ orúkọ náà mọ ohun tí ó ń wí.

Òpópónà náà àti ọwọ́ tí ó gbé e ró

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìtẹ̀dó tí wọ́n fi ẹnu kò pé ohun gbogbo yóò jẹ́ àjùmọ̀ní. Ẹnikẹ́ni kò gba owó oṣù. Ẹja tí a pa, aṣọ tí a hun, owó tí a rí lọ́jà, inú àpò kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Láti inú àpò yìí ni oúnjẹ, aṣọ àti ilé ti ń tọ olúkúlùkù lọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: òwe tí à ń fi ẹnu lásán pa níbòmíràn ni ó di òfin ìlú níbẹ̀.

Láàrin ìlú ni òpópónà pákó náà gbà kọjá, ó gbòòrò ju afárá àárín ilé méjì tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ní abúlé Ìlàjẹ lọ. Ilé tò sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀ lórí òpó. Ilé ìjọsìn àti ààfin ni ọkàn ìlú, ibẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn ti ń pàdé. Igi odán kò lè hù nínú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọgbà òdòdó kò sì sí. Pákó gbalasa tí atẹ́gùn òkun ń fẹ́ sí ni ojúde wọn. Ohun tí à ń wá lọ sí abẹ́ igi ní ìlú òkè, ìyẹn ìtura, ìpàdé àti ọ̀rọ̀ sísọ, orí pákó yìí ni wọ́n ti ń rí i.

Ilé iṣẹ́ wà káàkiri ìlú. Wọ́n ní ibi tí a ti ń hun aṣọ, ibi tí a ti ń rán an, ibi tí a ti ń ṣe bàtà, ibi tí a ti ń ṣe búrẹ́dì, ilé iṣẹ́ ọṣẹ, ilé ìfọṣọ, ilé iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, àti èbúté tí a ti ń kan ọkọ̀ ńlá tí ó ní ẹ́ńjìnnì. Wọ́n rán lára àwọn ọ̀dọ́ wọn lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní òkè òkun. Àwọn ará ìlú a máa fi ìyàngàn sọ pé ní ọdún 1953 ni iná mànàmáná ti tàn ní Ayétòrò, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣì ń fi àtùpà ríran. Ẹ̀rọ tí ìlú fi owó ara rẹ̀ rà ni ó ń mú iná náà wá. Kì í ṣe ìjọba ni ó fà á fún wọn.

Lára iṣẹ́ tí ó tóbi jù tí wọ́n ṣe ni odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́. Etí òkun ni ìlú wà, ìgbì kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ ẹrù gúnlẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin àti obìnrin kó ṣọ́bìrì, wọ́n wọ inú ẹrẹ̀, wọ́n sì la odò láti ìlú wọn já sí ojú omi ti inú ilẹ̀, kí ọkọ̀ lè máa lọ sí ọjà kí ó sì máa bọ̀. Níhìn-ín ni kí òǹkàwé ti rántí odò MacGregor ní Èkó. Iṣẹ́ kan náà ni, pé a gbẹ́ ilẹ̀ kí omi lè gbà á kọjá. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà ní Ìkòyí di ohun tí ń ya àdúgbò olówó nípa kúrò lára àwọn yòókù. Ti Ayétòrò ni ó so ìlú mọ́ ayé.

Kí ni ó fa ọrọ̀ yìí? Stanley Barrett, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá tí ó jẹ́ ará Kánádà, gbé ìwé kan jáde ní ọdún 1977 lórí ìgbéga àti ìrẹ̀yìn ìlú náà. Ó fi orúkọ ìlú pamọ́, Olowo ni ó pè é nínú ìwé rẹ̀. Ó fi Ayétòrò wé ìlú mìíràn nítòsí tí ẹ̀sìn wọn jọra tí wọ́n sì ń pẹja nínú omi kan náà, ṣùgbọ́n tí wọn kò là tó wọn. Èrò rẹ̀ ni pé ohun tí ó mú ìyàtọ̀ wá jù ni ìgbé ayé àjùmọ̀ní. Ọ̀rọ̀ náà yé ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ apẹja. Àwọ̀n ńlá àti ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kọjá agbára ẹnì kan. Níbi tí kò ti sí owó iṣẹ́ láti san, èrè tí ó wọlé yóò tún ra àwọ̀n àti ẹ̀rọ mìíràn, kò ní túká sí ọwọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn.

Kò yẹ kí á fi ojú rere nìkan wo ìtàn yìí. Àjùmọ̀ní náà wọ inú ilé. Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ya ibùgbé ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára ti obìnrin, ìlú ni ó sì ń tọ́ ọmọ dípò òbí. Ní àwùjọ tí agbo-ilé, oríkì ìdílé àti ẹbí ti jẹ́ òpómúléró, ẹ̀jẹ́ tí ó le ni èyí. Àṣẹ wà lọ́wọ́ ọba àti àwọn àgbà ìjọ, ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn kò ní ibòmíràn nínú ìlú tí yóò dúró sí. Ọrọ̀ tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní iye tí ó ń náni. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ sọ apá méjèèjì.

Ìgbà tí àpò kan di àpò púpọ̀

Ọba àkọ́kọ́ wàjà ní ọdún 1963, òmíràn sì jẹ. Ní àárín àwọn ọdún wọ̀nyí, àwọn ọmọ tí a bí sínú ìlú ti ń dàgbà. Àwọn wọ̀nyí kò rí inúnibíni tí ó kó àwọn òbí wọn jọ. Àwọn tí ó jáde lọ kàwé tàbí kọ́ iṣẹ́ rí bí ẹlòmíràn ti ń ná owó iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 1968, a fi àyè sílẹ̀ kí olúkúlùkù lè máa ṣe òwò tirẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́.

Ohun tí ó kan òpópónà nínú ọ̀rọ̀ yìí ṣe kedere. Pákó orí omi kì í dúró bíi títì ọlọ́dà tí a lè gbàgbé fún ọdún mẹ́wàá. Òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, omi iyọ̀ ń jẹ ìṣó rẹ̀, kòkòrò sì ń jẹ òpó rẹ̀ lábẹ́ omi. Òpópónà pákó jẹ́ ìlérí tí a ní láti máa tún ṣe ní ọdọọdún. Nígbà tí iṣẹ́ ìlú jẹ́ iṣẹ́ gbogbo ènìyàn, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ẹni tí ó ni pákó tí ó ṣẹ́. Lẹ́yìn tí àpò kan di àpò púpọ̀, ìbéèrè náà bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, Ayétòrò kò tú. Òpó lè fì, ẹ̀mí ìlú kò wó. Ohun tí ó wá ba ilé wọn jẹ́ jù kò ti inú ilé wá.

Òkun dé

Láti òpin ọ̀rúndún ogún ni òkun ti ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò tìkántìkán. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkun ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Etí òkun Máhìn, láti apá ìlà-oòrùn Èkó títí dé odò Benin, kò ní iyanrìn bíi ti Èkó, ẹrẹ̀ ni. Ìgbì a máa ti iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n ọ̀gbun jíjìn wà nínú òkun níbẹ̀, bí èyí tí wọ́n ń pè ní Avon àti èyí tí wọ́n ń pè ní Mahin, tí iyanrìn náà ń ṣàn wọ̀ kí ó tó dé ilẹ̀ Ìlàjẹ. Etí òkun tí kò ní iyanrìn kò ní apata ogun. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ púpọ̀, ojú òkun sì ń ga sí i ní gbogbo àgbáyé nítorí ooru ayé tí ń pọ̀ sí i. Ní apá Awóyè, odò tí a là fún iṣẹ́ epo rọ̀bì ṣí ọ̀nà fún omi iyọ̀ láti wọ inú igbó àti omi aládùn, ó sì pa ọ̀pọ̀ igi tí gbòǹgbò wọn ń di ẹrẹ̀ mú.

Bí òkun ti ń bọ̀ ni ìlú ń fà sẹ́yìn. Ilé ìwòsàn, ilé iṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ ilé gbígbé àti lára ilẹ̀ ìsìnkú ni omi ti gbà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìgbì tún ya wọ ìlú, ó sì wó ọ̀pọ̀ ilé. Ní ọdún 2025, ìròyìn tí ó kárí ayé fi hàn pé ilé ìjọsìn ńlá tí a ti gbé kúrò ní ipò rẹ̀ rí ti tún ń bá òkun fi ojú rinjú. Òpópónà tí à ń ṣàlàyé nínú iṣẹ́ yìí, ibi tí ó wà ní ọdún 1955 ti di inú òkun. Ẹni tí ó bá ń rìn lórí pákó Ayétòrò lónìí ń rìn lórí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ òpópónà àkọ́kọ́.

Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Àwọn ará ìlú ti kígbe tipẹ́. Ní ọdún 2004, àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò etí òkun Ayétòrò fún agbaṣẹ́ṣe. Ní ọdún 2009, wọ́n tún gbé e fún òmíràn. Odi tí a ń retí kò dúró. Ní àwọn ọdún kan náà, láti nǹkan bí ọdún 2008, ni a ti ń fi iyanrìn dí òkun ní ẹ̀gbẹ́ Victoria Island ní Èkó láti kọ́ ìlú olówó tuntun tí a pè ní Eko Atlantic, a sì ṣètò odi òkúta tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 8.5 láti dáàbò bò ó. Òkun kan náà ni. Àwọn tí kò tíì dé ibi tí wọn yóò gbé ni a mọ odi fún; àwọn tí ó ti ń gbé níbẹ̀ láti ọdún 1947 ṣì ń dúró. Òpópónà tí owó ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ́ rí olùgbèjà. Èyí tí ọwọ́ gbogbo ènìyàn kọ́ kò rí.

Ohun tí ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá

Òǹkàwé lè béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ òkun àti pákó. Ó kàn án gidigidi. Ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ ti lọ, tí ilé rẹ̀ àkọ́kọ́ ti lọ, tí ibojì rẹ̀ ń lọ, kí ni ó kù tí a lè fi mọ̀ ọ́n? Èdè ni. Bí àgbà kan bá jókòó tí ó ń sọ ilé tí ó tẹ̀ lé ilé, ilé iṣẹ́ tí ó wà ní ìkòríta, ibi tí obìnrin ti ń fọṣọ, ibi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀, ó ń tún òpópónà náà tẹ́ ní pákó kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní ọdún 1947 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn tí a bí sí orí òpópónà náà ní àwọn ọdún 1950 ti di àgbà. Àkókò kò pọ̀ mọ́.

A dá a lábàá pé kí olùkọ́ tí ó ní akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìlàjẹ gbé iṣẹ́ mẹ́ta fún wọn. Àkọ́kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ bá àgbà kan nínú ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó sì ya àwòrán àdúgbò tí àgbà náà gbé ní ìgbà èwe, pẹ̀lú orúkọ gbogbo ibi tí ó wà níbẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì tàbí mẹ́ta fi àwòrán wọn wé ara wọn; ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni ìbéèrè tuntun yóò ti jáde. Èkejì, kí wọ́n ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́: orúkọ òpó, ìtì àti pákó, orúkọ oríṣi àwọ̀n àti ọkọ̀, orúkọ ìgbì àti ìṣàn omi, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pè wọ́n ní ẹ̀ka-èdè Ìlàjẹ. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti gbọ́ ọ, pẹ̀lú àmì ohùn, kí wọ́n má ṣe yí i sí Yorùbá àjùmọ̀lò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè wa, nítorí pé àwọn ará òkè ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kọ wọ́n. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n gba ìtàn orúkọ ìlú etí òkun, pàápàá àwọn tí omi ti gbà.

Ọ̀nà tí a ó gbà béèrè ṣe pàtàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí ó tó ṣí ìwé. Ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ó tó tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Kí ó má ṣe béèrè pé, "Ṣé ìlú yín lówó nígbà náà?", nítorí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni yóò gbọ́. Kí ó béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá jáde nílé yín ní òwúrọ̀, kí ni ẹ máa ń kọ́kọ́ rí?" Irú ìbéèrè yìí ni ó máa ń mú kí àgbà rìn padà sí orí pákó àtijọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ilé tí ó wó tàbí òkú tí omi gbé lọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti fi hàn pé ìtàn àdúgbò olówó kì í ṣe ìtàn ilẹ̀ líle àti ọgbà òdòdó nìkan. A ti rí gbàgede Lọ́ńdọ̀nù tí kọ́kọ́rọ́ ń tì, a rí odò Ìkòyí tí ó di ààlà, a sì rí òpópónà Ayétòrò tí ó jẹ́ ti gbogbo ará ìlú láti ìpìlẹ̀. A ṣàlàyé pé àjùmọ̀ṣe ni ó bí ọrọ̀ náà, pé ó ní iye tí ó ná àwọn ènìyàn, pé ìyípadà ọdún 1968 dín agbára rẹ̀ kù, àti pé òkun ni ó wá ń gbé e lọ.

Ìjọba ni ó ni ojúṣe odi, a kò sì gbọ́dọ̀ dẹ́kun láti máa rán an létí. Ojúṣe àkọsílẹ̀ ni tiwa. Omi tí ó rú lè tún tòrò, bí a bá fún un ní àkókò. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó bá ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu àgbà tí ó kẹ́yìn kì í léfòó mọ́. Kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tètè mú gègé.